Òkú Kì í Jẹ́jọ́: Kámẹ́rà Nínú Ogun Làìbéríà àti Ti Sàró

Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Òwe yìí ni ọ̀pọ̀ nínú wa fi ń yẹ dọkumẹ́ńtárì wò, pàápàá èyí tí wọ́n bá ṣe nípa ogun tàbí ìjà òṣèlú. Bí a bá ti wo fíìmù tán, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé: ṣé ẹni tó ṣe é gbọ́ tọ̀tún, ṣé ó gbọ́ tòsì? Bó bá gbọ́ méjèèjì, a ó ní ó káre. Bí kò bá gbọ́ méjèèjì, a ó ní ó gbè sẹ́yìn ẹnìkan. Ọ̀rọ̀ bùṣe.

Èmi ò bá òwe jà. Ta ni mí? Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ibi tí òwe náà ti wúlò. Inú àgbàlá baálẹ̀ ni. Olùpẹ̀jọ́ wà níbẹ̀, olùjẹ́jọ́ wà níbẹ̀, àwọn méjèèjì ní ẹnu, àwọn méjèèjì á sì padà sílé lẹ́yìn ìdájọ́. Ogun ò rí bẹ́ẹ̀. Nínú ogun, ìhà kan mú ìbọn, ìhà kejì mú ìbọn, àwọn tí wọ́n ń pa láàárín ò mú nǹkan kan. Òkú kì í jẹ́jọ́. Bí kámẹ́rà bá gbọ́ tọ̀tún tó gbọ́ tòsì, tó sì jẹ́ pé ìbọn ni tọ̀tún, ìbọn ni tòsì, ta ló gbọ́ ti ẹni tó wà láàárín?

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá ní tààrà. Òrù níbí, ìlú tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń gbà kọjá bí a bá ń ti Ìjẹ̀bú-Òde bọ̀ wá sí Ago-Ìwòyè, ni wọ́n kó àwọn asásálà Làìbéríà wá ní 1990, nígbà tí ogun lé wọn kúrò nílé. Àwọn ará Sàró náà tẹ̀lé wọn dé. Ọdún gọboi ni wọ́n lò nínú àgọ́ yẹn. Ní ìparí 2008 ni àjọ UNHCR ní ìdí tí wọ́n fi ń pe àwọn ará Sàró ní asásálà ti tán. Ní ìparí oṣù kẹfà 2012, ó kan àwọn ará Làìbéríà. Àwa tí a wà ní OOU lónìí, ọmọdé ni wá nígbà náà, ẹlòmíì ò tiẹ̀ tíì mọ ọ̀nà Òrù. Ohun tí a mọ̀ nípa ogun tó gbé àwọn èèyàn wọ̀nyí wá sí ẹ̀yìnkùlé wa, inú fíìmù la ti rí i. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ ká bèèrè irú ọwọ́ tí wọ́n fi ṣe fíìmù ọ̀hún.

Ìbéèrè méjì ni màá fi kún ti tọ̀tún-tòsì. Àkọ́kọ́: ta ni ẹni tó lágbára lórí ẹ̀mí ẹni tó gbé kámẹ́rà, ṣé kámẹ́rà sì ya ìwà ibi ti ẹni yẹn? Èkejì: ta ni ẹni tí kò lè sọ fún kámẹ́rà pé "má yà mí," kí sì ni kámẹ́rà jẹ ẹ́ ní gbèsè? Mo fẹ́ fi ìbéèrè méjì yìí yẹ iṣẹ́ mẹ́rin wò.

Kásẹ́ẹ̀tì Doe (1990)

Ẹ jẹ́ ká ti ibi tó burú jù bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ 9 oṣù kẹsàn-án 1990, àwọn ọmọ ogun Prince Johnson mú Samuel Doe, ààrẹ Làìbéríà, ní ibùdó ECOMOG tó wà ní èbúté Monrovia. Wọ́n fìyà jẹ ẹ́, wọ́n gé etí rẹ̀, ó sì kú sí wọn lọ́wọ́. Kámẹ́rà ń ṣiṣẹ́ nígbà tí wọ́n ń fìyà náà jẹ ẹ́. Johnson jókòó sídìí tábìlì, ó ń mu Budweiser, ó ń pàṣẹ. Wọ́n da kásẹ́ẹ̀tì yìí kọ, wọ́n sì ń tà á kiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà bí ìgbà tí èèyàn ń ta fíìmù àgbéléwò ní gáréèjì.

Àwọn kan máa ń sọ pé ohun tó bá ti ṣẹlẹ̀ lóòótọ́, bí kámẹ́rà bá ti yà á, òtítọ́ nìyẹn. Èmi ò gbà. Gbogbo ohun tó wà nínú kásẹ́ẹ̀tì yẹn ló ṣẹlẹ̀, kò sí òṣèré kan níbẹ̀. Nínú Saworoidẹ tí Túndé Kèlání ṣe ní 1999, bí wọ́n bá pa èèyàn, dìrẹ́kítọ̀ á ní ó tó, òkú á dìde, á lọ jẹun. Doe ò dìde. Ṣùgbọ́n ta ló ni ibi tí kámẹ́rà dúró sí? Apààyàn ni. Ta ló pinnu ohun tí a máa rí? Òun náà ni. Ìṣẹ́gun ni wọ́n rán kámẹ́rà yẹn pé kó lọ yà, kì í ṣe ìwà ibi. Doe tó wà nílẹ̀, tí wọ́n ti dè, kò sì lè ní kí wọ́n má ya òun. Òdo ló gbà nínú ìbéèrè méjèèjì.

Doe kì í ṣe èèyàn ire o, ẹ má ṣì mí gbọ́. Ní ọjọ́ 29 oṣù keje ọdún kan náà, àwọn sọ́jà tirẹ̀ wọ ṣọ́ọ̀ṣì St Peter's Lutheran ní Monrovia, wọ́n pa bí 600 èèyàn tó sá pamọ́ síbẹ̀. Ti àwọn yẹn ò sí nínú kásẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń tà ní gáréèjì. Ṣé ẹ rí i? Sọ́jà Doe pa wọ́n, ọmọ ogun Johnson pa Doe, gbogbo ayé sì mọ bí Doe ṣe kú. Àwọn tó sá wọ ṣọ́ọ̀ṣì ò sí ní ìhà ìbọn kankan, torí náà wọn ò sí nínú fíìmù.

Johnson ńkọ́? Ó sá wá sí Nàìjíríà ní 1992, ó gbé Èkó fún ohun tó lé ní ọdún mẹ́wàá, ó padà sílé ní 2004. Ní 2005 wọ́n dìbò yàn án sí ilé aṣòfin àgbà, ipò yẹn ló sì wà nígbà tó kú ní 2024. Kò sí ilé ẹjọ́ kan tó pè é lórí ohun tí ojú gbogbo wa rí. Ẹni tó bá rò pé kí kámẹ́rà ṣáà ti rí ìkà, ìdájọ́ á tẹ̀lé e, kó rántí kásẹ́ẹ̀tì yìí.

Cry Freetown (2000)

Sierra Leone, tí àwọn baba wa ń pè ní Sàró, kì í ṣe ilẹ̀ àjèjì sí Yorùbá. Freetown ni ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbé Àjàyí Crowther lọ ní 1822 lẹ́yìn tí wọ́n gbà á lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú. Àwọn Yorùbá tí wọ́n gbà sílẹ̀ bíi tirẹ̀ pọ̀ níbẹ̀ débi pé ọ̀rọ̀ wa ṣì wà nínú èdè Krio títí dòní. Ìlú ìbátan wa yìí ni àwọn ọlọ̀tẹ̀ RUF àti àwọn sọ́jà tó dara pọ̀ mọ́ wọn wọ̀ ní ọjọ́ 6 oṣù kìíní 1999. Wọ́n sun ilé, wọ́n gé ọwọ́ èèyàn, wọ́n kó ọmọdé lọ. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ló kú láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Sorious Samura, ọmọ Sàró, wà níbẹ̀ pẹ̀lú kámẹ́rà. Ohun tó yà ló di Cry Freetown, tí wọ́n gbé sórí tẹlifíṣọ̀n ní 2000, tó sì gba ẹ̀bùn Emmy àti Peabody. Ẹ rántí pé ní 1999 yẹn, Kosovo ni àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ńláńlá kọjú sí. Ọmọ ìlú ló yà wá ní Freetown.

Àwọn ọlọ̀tẹ̀ lè pa á, ó sì ya iṣẹ́ ọwọ́ wọn. Ìyẹn dáa, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn ló mú kí fíìmù yìí yàtọ̀ lójú mi. Nígbà tí ECOMOG ń gba ìlú padà, Samura ò pa kámẹ́rà. Sọ́jà Nàìjíríà ló pọ̀ jù nínú ECOMOG. Àwọn sọ́jà wọ̀nyí, tí ará ìlú ń yọ̀ mọ́, ló ń yìnbọn pa àwọn tí wọ́n fura sí pé ọlọ̀tẹ̀ ni, láìgbé wọn dé ilé ẹjọ́. Ó yà á. Wọ́n ń na ọmọdékùnrin kan. Ó yà á.

Nígbà tí ẹgbẹ́ wa wo fíìmù yìí lórí laptop nínú kíláàsì, ibẹ̀ ni ariwo ti sọ. Ẹnìkan fọwọ́ lu tábìlì, ó ní aláìmoore ni Samura. Ó ní, "Àwọn ọmọ wa kú nílùú wọn, kí ló tún fẹ́?" Ẹlòmíì ní ogun ni, kì í ṣe ayẹyẹ ìgbéyàwó, bí sọ́jà ò bá ṣe bẹ́ẹ̀ àwọn ọlọ̀tẹ̀ á padà wá. Ẹ̀gbọ́n kan tó mọ̀ nípa iṣẹ́ ológun ò sọ nǹkan kan títí jẹnẹrétọ̀ fi kú. Mo ti ro ọ̀rọ̀ wọn lọ, mo rò ó bọ̀. Mi ò gbà.

Lóòótọ́ ni pé sọ́jà wa kú níbẹ̀, àwọn ló sì lé ọlọ̀tẹ̀ kúrò nílùú. Ìdí yẹn gan-an ni iṣẹ́ Samura fi le. Ó rọrùn láti ya ọ̀tá. Ẹni tó gbà ọ́ lọ́wọ́ ikú, tó jẹ́ pé abẹ́ ìbọn rẹ̀ lo ti ń mí, òun ló ṣòro láti yà nígbà tó bá ń ṣe ibi. Gbogbo Freetown nílò ECOMOG lọ́jọ́ yẹn, Samura náà nílò wọn. Síbẹ̀ ó yà wọ́n. Kì í sì í ṣe òun nìkan ló sọ ọ́. Human Rights Watch náà kọ nípa bí ECOMOG ṣe ń pa àwọn afurasí láìsí ẹjọ́ nínú ìròyìn tí wọ́n gbé jáde ní 1999. Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Ẹkún ò dí Samura lójú, ìdúpẹ́ náà ò sì dí i lójú.

Fún ọmọ Nàìjíríà tó bá ń wo fíìmù yìí, ìhà tiwa ni kámẹ́rà kọjú sí. Bí a bá ní kí wọ́n gbọ́ tọ̀tún-tòsì nígbà tí ẹlòmíì bá ṣe ibi, tí a wá ní kí wọ́n pa kámẹ́rà nígbà tó kan ọmọ wa, kí ni a ń pe ara wa?

Ìbéèrè kejì wá dé, níbẹ̀ ni mi ò ti lè fún Samura ní gbogbo máàkì. Ẹni tí wọ́n dojú ìbọn kọ ò lè sọ fún un pé má yà mí. Ọmọ tí wọ́n ń nà ò lè sọ bẹ́ẹ̀. Ojú wọn ni gbogbo ayé rí. Ìyá kan lè jókòó sí London, kó tan tẹlifíṣọ̀n, kó sì ti ibẹ̀ mọ̀ pé ọmọ òun ti kú. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo wo fíìmù náà. Ojú ló kù sí mi lọ́kàn, orúkọ ò sí. Èmi tí mò ń kẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá, tí mo sì ń kọ ewì, ohun tó dùn mí jù nìyẹn. Nínú oríkì tiwa, nínú ẹkún tí à ń sun òkú, orúkọ ló ń ṣáájú. Òkú tí a ò dárúkọ rẹ̀, a ò tíì sunkún rẹ̀ tán. A mọ orúkọ ẹni tó yà á, a mọ ẹ̀bùn tó gbà, a mọ ilẹ̀ tí sọ́jà ti wá. Ẹni tó kú nìkan ló ṣókùnkùn sí wa.

Mi ò sọ pé ó rọrùn o. Oníròyìn Nàìjíríà méjì, Tayo Awotusin ti Champion àti Krees Imodibie ti Guardian, lọ sí Làìbéríà ní 1990, àwọn ọmọ ogun Charles Taylor pa wọ́n. Samura fúnra rẹ̀, ní oṣù kẹjọ 2000, wọ́n mú òun àti àwọn mẹ́ta tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ fún Channel 4 ní Monrovia, wọ́n ní amí ni wọ́n, kó tó di pé wọ́n fi wọ́n sílẹ̀. Ẹni tí ọta ìbọn ń kọjá létí rẹ̀ ò ní ráyè bèèrè orúkọ. Ṣùgbọ́n bí ìbọn bá ti dákẹ́, àyè wà láti padà lọ bèèrè. Gbèsè ni mo pè é, mi ò pè é ní ẹ̀ṣẹ̀. Gbèsè ṣeé san.

Liberia: An Uncivil War (2004)

Bí ẹ bá fẹ́ràn tọ̀tún-tòsì, fíìmù yín dé. Ní 2003, àwọn ọlọ̀tẹ̀ LURD ń sún mọ́ Monrovia kí wọ́n lè lé Taylor kúrò lórí oyè. Jonathan Stack, ará Amẹ́ríkà, wà nínú ìlú níbi tí Taylor wà. James Brabazon, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, wà lọ́dọ̀ àwọn ọlọ̀tẹ̀. Wọ́n wá pa ohun tí àwọn méjèèjì yà pọ̀ di fíìmù kan ṣoṣo.

Iṣẹ́ ńlá ni, mi ò ní fi ojú kéré rẹ̀ wò. Ẹni tó bá wo ìhà Taylor nìkan lè rò pé ìjọba tí wọ́n ń gbógun tì ni. Ẹni tó bá wo ìhà LURD nìkan lè rò pé olùdáǹdè ń bọ̀. Nígbà tí a bá wò wọ́n pọ̀, a ó rí i pé kò sí èyí tó mọ́ nínú wọn. Níbi tó dé yìí, òwe àwọn àgbà ti ṣiṣẹ́ tirẹ̀.

Ẹ wá fi ìbéèrè àkọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Kámẹ́rà kọ̀ọ̀kan wà lọ́wọ́ ẹni tó gbà á lálejò. Ọ̀nà LURD ni Brabazon tọ̀, ìbọn LURD ló dáàbò bò ó. Nígbà tó kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ wọn ní 2002, sọ́jà àfowórà kan láti South Africa, Nick du Toit, ló mú lọ́wọ́ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀ṣọ́. Du Toit yìí ni wọ́n wá mú ní Equatorial Guinea ní 2004 lórí ọ̀rọ̀ ìdìtẹ̀-gbàjọba. Brabazon ò fi pamọ́. Ó kọ odidi ìwé lórí ọ̀rẹ́ àwọn méjèèjì ní 2010, My Friend the Mercenary. Mo yìn ín fún ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi ìbọn la ọ̀nà wọ inú ogun, ìbọn yẹn ti wà nínú àwòrán rẹ̀ kó tó tan kámẹ́rà. Bí kámẹ́rà kan bá tẹ̀ díẹ̀ sọ́tùn-ún, tí èkejì tẹ̀ díẹ̀ sósì, a ò lè lẹ̀ wọ́n pọ̀ ká ní ó ti gún.

Àwọn tó wà láàárín ńkọ́? Ní oṣù keje 2003, àdó olóró ń já bọ́ sáàárín ìlú níbi tí àwọn èèyàn sá pamọ́ sí. Àwọn ará Monrovia kó òkú àwọn èèyàn wọn, wọ́n tò wọ́n síwájú ilé aṣojú ìjọba Amẹ́ríkà. Wọ́n fẹ́ kí Amẹ́ríkà rí i, wọ́n sì mọ̀ pé ibẹ̀ ni kámẹ́rà máa wà. Lọ́jọ́ yẹn, àwọn tí kò ní ìbọn, tí wọn ò sì ní kámẹ́rà, ló sọ fún oníkámẹ́rà pé, "Èyí ni kí o yà." Wọn ò dúró de kí ẹnikẹ́ni wá fi ọ̀rọ̀ wá wọn lẹ́nu wò. Èmi ì bá fẹ́ kí kámẹ́rà tẹ̀lé ẹnìkan nínú wọn délé: ta ló gbé òkú yìí, kí ló ń jẹ́ sí i, kí ló jẹ lálẹ́ ọjọ́ náà? Àmọ́ Taylor àti LURD ni ìhà méjì tí wọ́n wá yà, ìhà kẹta ò sí nínú àdéhùn. Nígbà tó yá, ní ọjọ́ 4 oṣù kẹjọ, sọ́jà Nàìjíríà wọ Monrovia. Ní ọjọ́ 11, Taylor bọ́ sínú bàálù, ó ń bọ̀ ní Nàìjíríà, Calabar ló fi ṣe ilé.

Pray the Devil Back to Hell (2008)

Ní 2003 yẹn kan náà, àwọn obìnrin Monrovia, Kristẹni àti Mùsùlùmí, wọ ẹ̀wù funfun, wọ́n jókòó ní pápá kan lẹ́bàá ọjà ẹja, lójú ọ̀nà tí Taylor ń gbà kọjá. Oòrùn pa wọ́n, òjò pa wọ́n, wọn ò dìde. Leymah Gbowee ló ṣáájú wọn. Nígbà tí ìpàdé àlàáfíà ní Accra ò níyanjú, àwọn kan nínú wọn lọ jókòó dí ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn náà kí àwọn jagunjagun má lè jáde. Wọ́n fẹ́ mú Gbowee, ó ní òun á bọ́ra sí ìhòòhò. Ọmọ ìpínlẹ̀ Ògùn ò nílò olùtumọ̀ níbẹ̀. A mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí ìyá àgbà bá fọwọ́ kan ìró rẹ̀. A sì mọ àwọn obìnrin Abẹ́òkúta tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ṣáájú, tí Aláké Adémọ́lá fi orí oyè sílẹ̀ nítorí wọn ní 1949.

Nígbà tí Gini Reticker, tó darí fíìmù yìí, àti Abigail Disney, tó gbé e jáde, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ìṣòro kan dojú kọ wọ́n: àwòrán àwọn obìnrin náà ò tó nǹkan. Oníkámẹ́rà pọ̀ ní Monrovia ní 2003, ṣùgbọ́n ọmọkùnrin tó mú ìbọn ni wọ́n ń lé kiri. Obìnrin tó jókòó sínú oòrùn ò dà bí ìròyìn lójú wọn. Ní 2011, Gbowee wà lára àwọn tó gba ẹ̀bùn Nobel fún àlàáfíà. Ẹ bá mi wò ó: iṣẹ́ tí wọ́n fún ní Nobel, àwọn tó mú kámẹ́rà lọ́wọ́ rí i, wọ́n sì yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀.

Bí a bá fi òwe tọ̀tún-tòsì nìkan yẹ fíìmù yìí wò, ó kùnà. Ẹnu àwọn obìnrin ló ti gbọ́ ọ. Kò lọ bẹ Taylor pé kó wá sọ tirẹ̀, kò bẹ ọ̀gá LURD. Àmọ́ nínú ìbéèrè kejì mi, òun ló ṣe dáadáa jù nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Àwọn obìnrin yẹn jókòó síwájú kámẹ́rà nígbà tí wọ́n fẹ́, wọ́n sọ ohun tí wọ́n fẹ́, pẹ̀lú orúkọ wọn. Kò sí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ibi tí ó ti ń sunkún. Nínú ìbéèrè àkọ́kọ́, máàkì rẹ̀ ò pọ̀: nígbà tí fíìmù yìí jáde, Taylor ti wà ní àtìmọ́lé ní The Hague, kò lè pa ẹnikẹ́ni mọ́. Ohun tó jẹ́ Samura lẹ́mìí ní 1999, wọn ò fi wéwu rárá. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ní sọ pé kí gbogbo dọkumẹ́ńtárì dà bí èyí. Bí kò bá sí ẹni tó lọ yà á nígbà tí ibi ń ṣẹlẹ̀, ẹni tó bá dé lẹ́yìn ò ní rí nǹkan kan fi ṣe ẹ̀rí. Samura la ọ̀nà, àwọn obìnrin Monrovia sì kọ́ wa ní bí a ṣe ń bèèrè kí a tó wọlé.

Àwa ńkọ́?

Ẹ lè ní, kí ló kàn wá, àwa tí a kàn ń kọ ewì. Fóònù tó wà lápò yín yẹn, kámẹ́rà ni. Ní oṣù kẹwàá 2020, nígbà ìwọ́de EndSARS, fóònù ni ayé fi rí ohun tó ń lọ ní Lẹ́kí. Fóònù kan náà ló sì gbé ojú àwọn ọmọ tó wà nídìí ìwọ́de kiri, tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá fẹ́ wá wọn kò ní wá wọn tì.

Nínú ẹgbẹ́ wa, wọ́n ti ń sọ pé ó yẹ ká gba ohùn sílẹ̀ ní Òrù nípa àgọ́ asásálà, kí àwọn tó mọ̀ ọ́n tó dàgbà tán. Mo fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni tó tan fóònù, ẹ jẹ́ ká fi ìbéèrè méjèèjì bi ara wa.

Àkọ́kọ́: kò sí ọlọ̀tẹ̀ ní Òrù tó máa yìnbọn fún wa. Ẹni tí à ń bẹ̀rù níbí ni onílé tí a ń gbé ilé rẹ̀, ìyá tó ń ta oúnjẹ fún wa láwìn, àgbà tó máa ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ta ló rán yín?" Tiwa ni wọ́n. Bí wọ́n bá gba àlejò dáadáa, ẹ jẹ́ ká yà á. Bí ẹnìkan bá sọ pé wọ́n rẹ́ òun jẹ, tàbí wọ́n pe òun ní olè torí pé ó jẹ́ asásálà, ẹ má pa fóònù. Ohun tí Samura ṣe sí sọ́jà wa ni kí a ṣe sí ìlú wa. Bí a kò bá lè ṣe ìyẹn, ìpolówó ìlú la fẹ́ ṣe, kí a sì pè é bẹ́ẹ̀.

Èkejì: ẹni tó ti gbé inú àgọ́ mọ bí àlejò tó gbé kámẹ́rà ṣe máa ń rí. Ẹni tí ebi ń pa, tí àlejò sì gbé ìrẹsì dání, "bẹ́ẹ̀ ni" tó bá sọ fún kámẹ́rà kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni. Torí náà, ẹ má mú ẹ̀bùn kankan lọ ní ọjọ́ tí ẹ bá ń lọ bèèrè ààyè. Ẹ lọ lọ́wọ́ òfo, ẹ kí wọn, ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ àti ibi tí ẹ máa gbé e sí, kí ẹ padà sílé. Bí wọ́n bá ní rárá, ó parí. Bí wọ́n bá gbà, ẹ padà lọ lọ́jọ́ mìíràn. Lẹ́yìn tí ẹ bá gbà á sílẹ̀ tán, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ, kí wọ́n yọ èyí tí wọn ò fẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ kí a dárúkọ òun, ẹ dá a pé, kí ẹ sì bi í bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tí kò bá fẹ́, ẹ má fi ojú rẹ̀ hàn. Bó bá sọ̀rọ̀ nípa òkú rẹ̀, ẹ bi í ní orúkọ òkú náà.

Iṣẹ́ yìí á pẹ́ ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ó lè jẹ́ pé èèyàn mẹ́ta péré la máa rí gbà sílẹ̀ ní odidi sáà kan. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ mẹ́ta. Bí olóòtú bá gbà, kí a tẹ ọ̀rọ̀ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú ìwé ìròyìn wa yìí bí wọ́n ṣe sọ ọ́, kí a sì mú ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan lọ fún wọn ní Òrù kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í pín in ní kíláàsì.